Kí O Tó Gbà Kí Wọ́n Tú Gíábọ́ọ̀sì Ọkọ̀ Rẹ

Àbúrò mi, fa àga sún mọ́ mi. Mo rí ọ lánàá nígbà tí ò ń jáde lẹ́nu ọjà. Mo rí bí orí rẹ ṣe mì sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ yẹn pààrọ̀ gíà, mo sì rí ojú rẹ. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tó ń ṣírò owó tí kò tíì ní lọ́wọ́ ni, èmi náà ti gbé e kiri nínú ìlú Kétu yìí rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ọ, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: pé gíà ń já kò ní kó jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì ti kú. Wọ́n á sọ fún ọ pé ó ti kú. Wọ́n sọ fún èmi náà. Ọkọ̀ mi ń dún gbì ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi í sí D, mo bá gbé e lọ sí gáréèjì kan. Ọ̀gá ibẹ̀ wà á fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní, “Ìyá, boîte ti lọ.” Gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ta yẹtí wúrà tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó mi. Wọ́n ra gíábọ́ọ̀sì àlòkù ní Kútọnu, wọ́n gbé e wá, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta dè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ṣíná, mo fi í sí D. Gbì. Ohùn kan náà. Mo pa ọkọ̀, mo jókòó sínú rẹ̀, omi sì dà lójú mi.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Pọbẹ̀ ló rí ohun tó ń ṣe é. Kò tú nǹkan kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí n fa bíréèkì ọwọ́, kí n tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n wá máa gbé gíà láti P sí R, sí N, sí D. Bí mo ṣe dé D, ẹ́ńjìnnì fò sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé ló ti ya sí méjì. Àwọn mẹkáníìkì ìhà Nàìjíríà ń pe rọ́bà yẹn ní engine seat, àwọn tiwa níbí ń pè é ní support. Owó tí a fi rà á kò tó owó tí mo fi gbé gíábọ́ọ̀sì láti Kútọnu wá sí Kétu. A fi tuntun sí i, ohùn náà lọ, kò sì padà wá mọ́ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa wò ọ́ níran.

O mọ bí wọ́n ṣe ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ wa. Onílù á na ẹ̀ka ìlù, oníjó á fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn, ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dún gẹ́gẹ́ bí ìlù ṣe wí. Bí oníjó bá kọsẹ̀, ọmọdé á ní oníjó ni kò mọ ijó. Àgbà á kọ́kọ́ tẹ́tí sí onílù. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí kì í lo klọ́ọ̀ṣì rí. Gíábọ́ọ̀sì ni oníjó, ẹ́ńjìnnì ń lùlù fún un, kọ̀ǹpútà ń lùlù fún un, ọ́ìlì sì ni ilẹ̀ tó ń jó lé. Bí ilẹ̀ bá rì tàbí tí onílù bá ṣìlù, oníjó á kọsẹ̀ bó ti wù kó mọ̀ ọ́n jó tó. Mo fẹ́ kí o mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan oníjó.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Má sọ fún mẹkáníìkì pé “ọkọ̀ mi ń ṣe mí báyìí báyìí.” Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó tó fún un. Bó bá ń dún gbì nígbà tí o fi í sí D tàbí R, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, kọ́kọ́ fura sí rọ́bà tí mo sọ yẹn, tàbí kó jẹ́ pé eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù nígbà tó yẹ kó máa mí jẹ́jẹ́. Wo aago rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, abẹ́rẹ́ yẹn máa ń wà láàárín 600 sí 800 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá wà ní 1,200, kò sí bí gíà á ṣe wọlé láìfò. Bó bá jẹ́ pé lórí ìrìn ni, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo fùùù láàárín gíà kan sí òmíràn, tí ọkọ̀ kò sì sáré sí i, gíà ń yọ̀ nìyẹn. Ọ̀ràn ọ́ìlì ni kí o kọ́kọ́ wò, má sì fi falẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n rìrì bí ẹni ń gun orí àpáàdì, ní nǹkan bí 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kàn fara kan tọ́rọ́tù jẹ́jẹ́, ìkòkò tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni kí o ní lọ́kàn. Bí aago tó ń ka eré ọkọ̀ bá ń fò sókè sódò lásìkò kan náà tí gíà ń já, sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń ka eré ló ń ṣì í lọ́nà. Bó bá sì há sórí gíà kan ṣoṣo láti ilé dé oko, tó ń fà bí ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo, kọ̀ǹpútà ló rí àṣìṣe kan tó fi há a síbẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ ọ́ sílẹ̀. Ra ìwé kékeré kan, kí o fi sínú ọkọ̀. Ṣé òwúrọ̀ tó tutù ló ń já ni, àbí ìgbà tó gbóná? Láàárín gíà kìíní sí ìkejì, àbí ìkejì sí ìkẹta? Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú ni, àbí níbi tó ti ga? Nígbà tí mo gbé ìwé tèmi lé bàbá Pọbẹ̀ yẹn lọ́wọ́, ó kà á, ó tún un kà, ó wá bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ nǹkan tó ń wí. Láti ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó tún ṣíjú sókè lé mi lórí ní gáréèjì rẹ̀.

Ó dáa, ọ́ìlì. Orí èyí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí.

Inú ìkòkò tí mo mẹ́nu bà yẹn, ọ́ìlì ló kún un. Ọ́ìlì ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e fún gíà, òun náà ló ń ti àwọn àwo pẹlẹbẹ inú gíábọ́ọ̀sì pọ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Ará Jámánì kan, Hermann Föttinger, ló gba ẹ̀tọ́ ìmọ̀ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1905. Ọkọ̀ ojú omi ló ń ronú fún. Nígbà tó di 1939 ni General Motors gbé Hydra-Matic jáde, tí ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ fi di ohun tí ará ìlú lè rà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀rá ẹja àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì gíà ní Amẹ́ríkà, àfìgbà tí òfin dá wọn lẹ́kun. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ọ́ìlì yìí kì í ṣe epo lásán. Láti ìgbà yẹn wá ni wọ́n ti ń wá ohun tó máa yọ̀ níbi tó yẹ kó yọ̀, tó sì máa di nǹkan mú níbi tó yẹ.

Bí o ṣe máa wò ó nìyí. Wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó gbóná. Gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní tiwa lórí ilẹ̀ gíga Kétu yìí, a dúpẹ́, ilẹ̀ títẹ́ kò wọ́n. Fẹsẹ̀ lórí bíréèkì, gbé gíà káàkiri gbogbo ipò rẹ̀, kí o dá a padà sí P. Bó bá jẹ́ Toyota tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí o bá yọ ọ̀pá náà. Bó bá jẹ́ Honda, pa ẹ́ńjìnnì kí o tó yọ ọ́, má sì jẹ́ kó pẹ́ jù kí o tó wò ó. Ọ̀pá méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀, má ṣi ti ẹ́ńjìnnì mú. Fi aṣọ funfun tí kì í hu òwú nù ún, tì í padà, tún yọ ọ́, kí o wo ibi tí ọ́ìlì dé lára àmì HOT.

Lẹ́yìn náà, kán an sórí aṣọ funfun yẹn. Ọ́ìlì tó yè á pọ́n, á sì mọ́ gaara bí omi ìṣápá pupa tí a ń mu. Bó bá ti ń di àwọ̀ igi, ó ti gbó, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, ooru ti pa á, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn àwo inú lọ́hùn-ún ti jóná díẹ̀. Bó bá rí bí ògì tí wọ́n po osùn mọ́, má wa ọkọ̀ náà mọ́ rárá. Omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gbé ọ́ìlì gíà gba inú rédíétọ̀ kọjá kí ó lè tutù, bí ọ̀nà méjì náà bá sì lu ara wọn, omi á bọ́ sínú gíà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ, nítorí omi kànga lásán ni púpọ̀ nínú wa ń dà sí rédíétọ̀, irin inú rẹ̀ sì ń dípẹtà. Jọ̀wọ́, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀ ni kí o máa rà. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ bí yẹtí mi ṣe lọ fún ọ.

Ọ́ìlì tó dín máa ń mú kí gíà yọ̀ tàbí kí ó pẹ́ kó tó wọlé. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà kò dáa, ó máa ń hó, ìfófòó kò sì lè ti nǹkan kan. Fún ìdí yìí, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa dà á, kí o sì dúró tì wọ́n. Bó bá dín, béèrè ibi tó gbà lọ. Ọ́ìlì gíà kì í jó lọ bíi ti ẹ́ńjìnnì, ó ń kán síbì kan ni: ní etí ọ̀pá tó lọ sí táyà, ní ẹnu páìpù rédíétọ̀, tàbí ní àwo ìsàlẹ̀. Tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, wàá rí i.

Irú ọ́ìlì wo ni? Èyí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kú sí. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ló kọ orúkọ ọ́ìlì tirẹ̀ sára ọ̀pá ìwọ̀n gan-an: Dexron fún òmíràn, T-IV fún òmíràn. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń lo WS. Honda tó ń lo Z1 tẹ́lẹ̀ ti ń lo DW-1 láti ọdún 2011. Ọkọ̀ tó ní gíà CVT ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí o bá da òmíràn sí i, o ti bà á jẹ́. Má ra ọ́ìlì inú ìgò tí kò ní àkọlé lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ta kpayo, epo fàyàwọ́. Mo mọ̀ pé ojúlùmọ̀ ni wọ́n, mo mọ̀ pé ó rọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí o kò bá rí ọ̀pá ìwọ̀n kankan, má ṣe dààmú. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ilé iṣẹ́ dí wọn pa. Abẹ́ ni a ti ń wò wọ́n, nípa títú bóòtì kan nígbà tí ọ́ìlì bá wà ní ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Bó bá ní “èyí kì í gba ọ́ìlì láéláé,” wá ẹlòmíràn. Kò sí ọ́ìlì tí ooru kì í sọ di arúgbó.

Nípa pípààrọ̀ rẹ̀, èrò tèmi nìyí, ó sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ gáréèjì. Bí gíábọ́ọ̀sì bá ti pẹ́ láìpààrọ̀ ọ́ìlì, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tì í jáde pátápátá lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ kí wọ́n tú bóòtì ìsàlẹ̀, kí èyí tó bá jáde jáde. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kí ó lé díẹ̀ ni yóò jáde. Kí wọ́n dá iye tó jáde padà gẹ́lẹ́, kí o wà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí o tún ṣe é. Bí wọ́n bá sọ àwo ìsàlẹ̀ kalẹ̀, wo mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ. Ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná bí àtíkè kò burú, ọjọ́ orí ni. Èérún irin tí ìka lè mú, ìyẹn ni ìròyìn búburú.

Ti ẹ́ńjìnnì kò ní gba àkókò wa. Púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, kọ́ìlì tó ń kú lọ, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, epo tí omi tàbí ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀: gbogbo wọn ló lè mú kí ọkọ̀ máa fà já lọ́nà tí wàá fi búra pé gíà ni. Ọ̀nà wa láti Kétu sí Pọbẹ̀ lé ní 40 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń já nígbà tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ eré ẹ́ńjìnnì kò fò lásìkò tó já, tí gíà kò sì pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń húkọ́.

Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kí o rántí dáadáa. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò kan lábẹ́ ibi tí a ń dì mú láti wakọ̀, nítòsí orúnkún rẹ. Àwọn ọkọ̀ epo bẹntiróòlù ti Yúróòpù ní i láti 2001. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ki skánà bọ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní valise. Yóò gbé nọ́ńbà jáde. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07 jẹ́ ti gíà, P0741 jẹ́ ti ìkòkò tó ń gbọ̀n rìrì yẹn, P0300 àti àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó ń húkọ́. Kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé rẹ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Kì í sì í ṣe ìdájọ́: P0750 ń sọ pé ọ̀kan nínú àwọn fáàfù oníná inú gíábọ́ọ̀sì kò dáhùn. Ó lè jẹ́ fáàfù náà, ó lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ fún un.

Wo Toyota RAV4 ti ọdún 2001 sí 2003. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já gíà ní àjábalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tú gíábọ́ọ̀sì, wọ́n ń fi òmíràn sí i, ó sì tún ń já. Ibi tí àrùn náà wà ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, òun ló ń ṣi àṣẹ pa. Toyota fúnra rẹ̀ fa àsìkò àtìlẹ́yìn (warranty) kọ̀ǹpútà náà gùn dé ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. Bí wọ́n bá sì wà á pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe, kọ̀ǹpútà tó ṣìwà hù á ba gíábọ́ọ̀sì tó yè kooro jẹ́. Onílù ló ṣìlù, oníjó ló fẹsẹ̀ rọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gba ibùdókọ̀ ojú omi Kútọnu wọlé, ẹni tó sì ra tòkunbọ̀ kì í mọ ìtàn tó ti ẹ̀yìn wá.

Nígbà mìíràn, òótọ́ ni, gíábọ́ọ̀sì ti lọ. Mi ò ní tàn ọ́. Bí gíà bá ń yọ̀ lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti pé, tó ń rùn, tí èérún irin sì wà lórí mágínẹ́ẹ̀tì, gbà pé ó ti lọ. Nígbà náà, má wà á mọ́, má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sí Pọbẹ̀ lórí táyà iwájú. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń tú ọ́ìlì káàkiri inú gíábọ́ọ̀sì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí táyà sì ń yí, gbígbẹ ni inú rẹ̀ ń lọ ara rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí kí wọ́n gbé àwọn táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀. Ìdí kan náà ni gbogbo àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi tì í lọ́jọ́ yẹn tí bátìrì rẹ kú, tí wọ́n laágùn, tí kò sì ṣí. Ọkọ̀ irú èyí kì í gba títì.

Bí o bá dé gáréèjì, mú ìwé rẹ jáde. Béèrè nǹkan mẹ́ta péré: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo rọ́bà ẹ́ńjìnnì? Ọ́ìlì ńkọ́, báwo ló ṣe rí? Nọ́ńbà wo ni skánà gbé jáde?” Yóò dùn mọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ pé o béèrè. Ẹni tí inú bá bí sí ìbéèrè yẹn, kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wa ọkọ̀ rẹ padà sílé.

Rọ́bà tó ya yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó wà lórí fèrèsé ilé ìdáná. Jẹ́ ká fi í sí ọjọ́ Àìkú. Gbé ọkọ̀ náà wá kí ẹ́ńjìnnì tó tutù, kí o mú aṣọ funfun kékeré kan lọ́wọ́. Èmi ni máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwọ ni o máa tẹ bíréèkì.